ASRock N100DC-ITX: mọ́dábọ́ọ̀dù tó ń fi ṣájà láptọ́ọ̀pù jẹun

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Sango, n'Ìbàdàn, lójú ọ̀nà tí àwọn ọmọ Poly ń gbà kọjá. Iṣẹ́ tí à ń ṣe níbẹ̀ ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni: títẹ projẹ́ẹ̀tì, fọ́tòkọ́pì, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, títẹ èsì WAEC àti JAMB jáde. Kọ̀ǹpútà onítáwà mẹ́ta ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Bí mo bá so mítà mọ́ ìdí ọ̀kan, á ti máa jẹ nǹkan bíi wáàtì 60 nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan. Ká ro ti sikíríìnì mọ́ ọn, ó di 80. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 240.

Bátìrì ínfátà mi jẹ́ fóòtì 12, 200Ah. Lórí bébà, wáàtì 2,400 ló lè gbé fún wákàtí kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí bátìrì olómi pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í fà á kọjá ìdajì. Ẹ pín 1,200 yẹn sí 240, wákàtí márùn-ún ló kù, ínfátà fúnra ẹ̀ ò sì tíì mú ìpín tiẹ̀. Iná tó bá lọ láago mẹ́sàn-án àárọ̀, kó tó di aago méjì ọ̀sán ínfátà ti ń ké. Jẹnẹrétọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ta fọ́tòkọ́pì lójú-ewé kọ̀ọ̀kan, tó wá ń fi epo bẹntiróòlù òde òní tẹ̀ ẹ́, epo ló ń bá ṣiṣẹ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá bọ́ọ̀dù kékeré nìyẹn, ìyẹn mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́. Mo ra ASRock N100DC-ITX méjì, nígbà tó yá mo tún ra ìkẹta. Wọ́n ti lé lọ́dún kan lọ́wọ́ mi báyìí. Ọyẹ́ ti bá wọn, ooru oṣù kẹta náà ti bá wọn.

Bọ́ọ̀dù ọ̀hún fẹ̀ ní mìlímítà 170, ó sì gùn ní 170. Ìwọ̀n tí à ń pè ní Mini-ITX nìyẹn. Intel N100, ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló wà lórí ẹ̀, èyí tí Intel gbé jáde lọ́dún 2023: core mẹ́rin, ó lè sáré dé 3.4GHz, Intel sì ṣírò ooru ẹ̀ sí wáàtì 6. Wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ò lè yọ ọ́ pààrọ̀. Irin alumíníọ̀mù kan ló dé e lórí, kò sí fáànù rárá. Ẹ wá yí i padà wo ẹ̀yìn ẹ̀. Níbi tí ihò USB àti ti sikíríìnì tò sí, ihò róbótó kan wà tí ẹ ò ní rí lára bọ́ọ̀dù onítáwà: ihò ṣájà, fóòtì 19. Nítorí ihò yẹn ni mo ṣe rà á.

Ṣájà láptọ́ọ̀pù Toshiba kan wà nílé mi tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti kú tipẹ́, fóòtì 19, wáàtì 65. Mo ti ẹnu ẹ̀ bọ ihò, ó wọlé ṣinṣin, bọ́ọ̀dù tàn. Ẹnu ṣájà ni kí ẹ fiyè sí o. Èyí tó fẹ̀ ní mìlímítà 5.5 lóde, 2.5 nínú, ló bá a mu. Ti HP òde òní, tó ní abẹ́rẹ́ láàárín, ò lè wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ṣájà, ó parí. Kò sí páwà pákì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di èyí tí kọ̀ǹpútà ń lò, nínú àpótí mọ́.

Ẹni tó bá ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílẹ̀ yìí mọ ohun tí ojú wa ń rí lọ́dọ̀ páwà pákì. Eruku á kún inú fáànù ẹ̀. Ọmọńlé á wọ inú ẹ̀ lọ wá ibi tó móoru sùn sí, a ó wá bá a níbẹ̀ ní gbígbẹ. Iná á lọ, á padà dé pẹ̀lú agbára òdì, páwà pákì á dún gbàù, tí orí bá sì bá ẹ ṣe é, kò ní mú bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ lọ. Bọ́ọ̀dù oníṣájà yàtọ̀ torí pé ṣájà ló dúró níwájú, ìta ló sì wà. Ìgbà tí iná ńlá dé sí àdúgbò wa lẹ́yìn òjò kan, ṣájà kejì tí mo rà lọ́jà kú. Mo fà á yọ, mo fi òmíràn sí i, iṣẹ́ ti ń lọ kí oníbàárà tó jókòó níwájú mi tó mu píọ́ wọ́tà ẹ̀ tán. Ó kàn bi mí pé, "Mọ̀mí, ṣé ó ti wá?" Mo ní ó ti wá.

Mo so mítà mọ́ ìdí ẹ̀ bí mo ṣe so ó mọ́ ti àtijọ́. Bí Windows 11 bá ṣí tán tí kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan, ó ń lọ láàárín wáàtì 10 sí 12. Tí ọmọ iṣẹ́ mi bá ń tẹ projẹ́ẹ̀tì, tó ṣí Chrome, tó tún ń gbọ́ orin lábẹ́lẹ̀, ó di bíi 15. Mo fi tipátipá mú u kó fún fáìlì ńlá kan pọ̀, ó gòkè dé nǹkan bíi 25. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: sikíríìnì ló wá ń jẹ ju kọ̀ǹpútà lọ. Méjì lára àwọn onítáwà mẹ́ta yẹn ni mo fi bọ́ọ̀dù yìí rọ́pò. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú sikíríìnì wọn ò ju bíi 64 lọ, táwà tó kù jẹ́ 80, àpapọ̀ 144. Bátìrì kan náà, ìdajì kan náà, ó ti di wákàtí mẹ́jọ. A ti lè lo odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan láì fa okùn jẹnẹrétọ̀.

CorelDRAW, prógírámù tí a fi ń ya ìwé ètò, ni kò jẹ́ kí n gbé táwà tó kù yẹn jáde. Ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé 24, tí ọmọ olóògbé kọ̀ọ̀kan ti fi fọ́tò tiẹ̀ ránṣẹ́ láti WhatsApp, tí àbúrò olóògbé tún mú álíbọ́ọ̀mù dé pé ká ya gbogbo ẹ̀ síbẹ̀: ẹ má gbé irú ẹ̀ fún N100. Á ṣí i o, ẹ ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, àmọ́ tó bá di ká sọ ọ́ di PDF, á bẹ̀rẹ̀ sí í wò yín. RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ sí, ló ń dùn ún ju eré sísá lọ. Ihò RAM kan ṣoṣo ló wà lórí bọ́ọ̀dù yìí, 16GB sì ni Intel fọwọ́ sí fún N100. Táwà tó kù yẹn, Core i7 àtijọ́ mi, ní ihò mẹ́rin, mo kó 24GB sínú ẹ̀, káàdì gírafíìsì sì wà nínú ẹ̀. Òun ló ń sin òkú ní ṣọ́ọ̀bù wa.

Fún iṣẹ́ yòókù, Word, Excel, síkáànà, fọ́ọ̀mù orí íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò YouTube, n kò rí ohun tí mo lè fi ẹ̀sùn kàn án. Fídíò tí wọ́n fi ọ̀nà AV1 fún pọ̀ gan-an, ṣíìpù ló ń tú u fúnra ẹ̀, kò ní láàgùn. Mo fún un ní 8 nínú 10. Méjì tí mo yọ, ihò RAM kan ṣoṣo yẹn ló jẹ ẹ́.

Ìwọ̀n 170 yìí, ASRock kọ́ ló dá a sílẹ̀. VIA, ilé iṣẹ́ kan ní Taiwan, ló gbé e jáde lọ́dún 2001. ATX tí Intel gbé kalẹ̀ lọ́dún 1995 ló gbòde nígbà náà, mìlímítà 305 sí 244, pẹ̀lú àbúrò ẹ̀, microATX, 244 sí 244. Ṣíìpù tí VIA ń ṣe ò lágbára tó ti Intel, àmọ́ kì í gbóná púpọ̀. Wọ́n bá rò ó pé, ohun tí kò gbóná, kí ló fẹ́ fi gbogbo àyè yẹn ṣe? EPIA ni wọ́n pe àwọn bọ́ọ̀dù wọn, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó ń sáré ní 533MHz láìní fáànù. Kò pẹ́ tí Intel náà fi bọ́ sí i. Lọ́dún 2008 wọ́n ṣe D945GCLF, wọ́n fi Atom 230 sí i, ṣíìpù wáàtì 4. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣí i wò, ẹ̀rín pa mí. Atom kò ní fáànù. Chipset 945GC, ṣíìpù tó ń ràn án lọ́wọ́, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ni wọ́n gbé fáànù lé lórí, torí òun nìkan gba wáàtì 22. Ìránṣẹ́ ń jẹ ju ọba lọ! Ní ti N100, chipset ti wọ inú ṣíìpù lọ, kò sí ìránṣẹ́ kankan níta.

Ohun tí VIA ṣe tó wù mí jù ni ihò ìdè mẹ́rin. Wọn ò lu ihò síbi tó wù wọ́n. Ibi tí ihò ATX wà ni wọ́n lu tiwọn sí. Torí ẹ̀ ni bọ́ọ̀dù Mini-ITX fi ń wọ inú táwà èyíkéyìí tó bá gba ATX tàbí microATX. Mi ò ra késìnì tuntun. Táwà tó wà nílẹ̀ ni mo tú, mo yọ bọ́ọ̀dù àtijọ́ àti páwà pákì kúrò, mo de tuntun mọ́ ìdè mẹ́rin, ó jókòó. Àyè tí páwà pákì fi sílẹ̀ lẹ́yìn, nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé ni mo gé, mo fi dí i, kí ọmọńlé má baà rò pé a ṣí ilé fún òun. Mo tún so fáànù kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12 mọ́ ibi fáànù lórí bọ́ọ̀dù, mo ní kó máa yí jẹ́jẹ́. Àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù ò ní kí ẹ fi fáànù sí i, àmọ́ àwọn náà ò gbé abẹ́ páànù ní Sango lóṣù kẹta.

Ọ̀kan lára àwọn táwà yẹn jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, okùn bọ́tìnnì iwájú ẹ̀ ò sì rí bíi ti gbogbo ayé. Nínú táwà lásán, okùn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ lára, POWER SW, HDD LED, ẹ ó kàn kì wọ́n bọ abẹ́rẹ́ tó bá wọn mu. Ti irú èyí, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú ẹnu kan ṣoṣo, títò rẹ̀ sì jẹ́ tiwọn nìkan. Èmi àti bùrọ̀dá tó ń ṣe fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi la jọ fi mítà wá okùn méjì tó jẹ́ ti bọ́tìnnì, a gé e, a dè é pọ̀ tuntun. Ẹni tí kò bá nírú bùrọ̀dá bẹ́ẹ̀, kó wá táwà lásán.

Àwọn bọ́ọ̀dù tó kéré ju èyí lọ pọ̀. VIA fúnra wọn ṣe Nano-ITX, 120 sí 120, wọ́n ṣe Pico-ITX, 100 sí 72, lọ́dún 2007, wọ́n tún ṣe Mobile-ITX, 60 sí 60, lọ́dún 2009. Inú ẹ̀rọ ni irú wọn ń gbé, níbi tí ẹnì kan ti ṣe àpótí sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹ wọ Computer Village ní Ìkejà kí ẹ ní ẹ fẹ́ késìnì Pico-ITX, kí ẹ wo ojú tí wọ́n á fi wò yín. Intel mú Mini-STX dé lọ́dún 2015, 147 sí 140. Ìyẹn gan-an ni ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù: ṣájà ló ń lò, ẹ sì lè yọ ṣíìpù ẹ̀ kí ẹ fi èyí tó lágbára sí i. Ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù fún un ò pọ̀, ọjà ẹ̀ sì kú. NUC náà, kọ̀ǹpútà kékeré inú àpótí tí Intel ń ṣe, Intel jáwọ́ nínú ẹ̀ lọ́dún 2023, ASUS ló gbà á ṣe. Thin Mini-ITX ò kúrò ní 170, ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ kí gíga ẹ̀ má kọjá mìlímítà 25, RAM láptọ́ọ̀pù ló sì ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà pamọ́ sẹ́yìn sikíríìnì ló nílò ẹ̀.

Raspberry Pi, 85 sí 56, mo fẹ́ràn ẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógírámù. Ṣùgbọ́n CorelDRAW ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, Windows tí àwọn ọmọ Poly mọ̀ kọ́ ló ń gbé, káàdì SD tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kó fáìlì ẹ̀ sí kò sì fẹ́ kí iná máa já mọ́ òun lójú. Ìlú wa kọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè tí gbogbo onímọ̀ ń bi mí rèé: kí ló dé tí n ò ra tòkunbọ̀ kékeré, Lenovo Tiny, HP Mini tàbí Dell Micro? Owó tí mo fi ra bọ́ọ̀dù yìí, kí n tó ra RAM àti SSD tí fáìlì ń gbé, lè gbé ọ̀kan nínú wọn wálé ní pípé. Àwọn náà ń fi ṣájà ṣiṣẹ́, wọn ò sì jẹ iná púpọ̀. Òtítọ́ ni, mi ò ní jà sí i. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fún ilé, tí ẹ ò sì ní tú u, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi ìyókù owó ra bátìrì. Èmi tí mò ń jẹun lára ẹ̀ ni tèmi yàtọ̀. Bọ́ọ̀dù inú Tiny, Tiny nìkan ló gbà á, irú kan náà gan-an nígbà míì. Lọ́jọ́ tó bá jó, ìkejì ẹ̀ gangan lẹ ó máa wá kiri, ẹni tó bá sì ní in mọ̀ pé ẹ ò ríbi lọ, iye tó bá wù ú ló máa pè é. Bí tèmi bá jó lọ́la, Mini-ITX èyíkéyìí tí mo bá rí, Intel ni o, AMD ni o, ta ló ṣe é ni o, yóò jókòó sórí ìdè mẹ́rin kan náà, bọ́tìnnì kan náà ni n ó fi tàn án. Owó tí mo fi lé ti tòkunbọ̀, ohun tí mo fi rà nìyẹn.

Ihò ṣájà nìkan ni ohun tí kì í ṣe gbogbo Mini-ITX ló ní. ASUS Prime N100I-D D4, N100 kan náà ló wà lórí ẹ̀, Mini-ITX kan náà, kò sì ní fáànù. Mo wò ó dáadáa, mo dá a padà sórí káńtà, torí páwà pákì abẹ́rẹ́ 24 ló ń fẹ́.

Ìkẹta tí mo rà kì í sùn. Fáìlì gbogbo oníbàárà wà lórí ẹ̀, fídíò kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Ìdí ihò SATA méjì tó ní, ibi tí à ń so díìsìkì mọ́, ni mo kó díìsìkì méjì sí, ohun tó bá wọ ọ̀kan á wọ ìkejì, bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ ló sì ń fún wọn níná. Díìsìkì kéékèèké, irú ti láptọ́ọ̀pù, ni mo lò. Ẹni tó bá fẹ́ lo àwọn ńláńlá, kó wá ṣájà wáàtì 90, torí wọ́n máa ń fa iná gan-an nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ ń yí. Mi ò so ó mọ́ ínfátà. Ínfátà tí a tàn sílẹ̀ lóru láìgbé nǹkan kan ń jẹ ju bọ́ọ̀dù yìí lọ. Bátìrì kékeré kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kan ló ń bọ́ ọ, ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé fóòtì 12 sókè di 19 ló wà láàárín wọn, irú èyí tí àwọn awakọ̀ fi ń ṣájì láptọ́ọ̀pù nínú mọ́tò. Ẹ wọ BIOS, ojú ètò bọ́ọ̀dù tí ẹ ó wọ̀ kí Windows tó ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Restore on AC/Power Loss" sí, ẹ yí i sí "Power On". Bí bátìrì bá tán lóru, bí oòrùn bá ti ràn, á tan ara ẹ̀. Tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, fáìlì ti ń dúró dè mí.

Ẹni tó tà á fún mi ní Ìkejà yọ irin pẹlẹbẹ tó máa ń dí ẹ̀yìn késìnì kúrò nínú páálí. Ó ní wọn kì í fi í sínú ẹ̀. Nígbà tí mo ra ìkẹta lọ́dọ̀ ẹlòmíì, irin yẹn wà níbẹ̀, wọn ò tíì ṣí ọ̀rá ara ẹ̀. Ẹ ṣí páálí níwájú wọn kí ẹ tó sanwó. Ṣájà ò sí nínú ẹ̀, ẹ má bá wọn jà lórí ìyẹn. RAM ẹ̀ ni DDR4 gígùn, ti táwà. Bí wọ́n bá na ti láptọ́ọ̀pù sí yín pé ọ̀kan náà ni, tàbí DDR5 pé ó tuntun jù, ẹ dá a padà fún wọn.